Pátákó Aláwọ̀ Mẹ́ta àti Agogo Láníhún

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ọmọ Òkè-Àfọ̀n, ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́ o! Onílé, ẹ yọjú. Àlejò, ẹ dúró. Ẹni tó ń gúnyán, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, kó fi ìjà náà sílẹ̀ níbi tó bá a dé, yóò bá a níbẹ̀ nígbà tó bá padà. Agogo kì í dún lásán.

Láníhún ọmọ Ọdẹ́yalé ló ń pè yín. Ẹnu ni wọ́n fi rán an, ẹnu ló sì fi ń jẹ́ ẹ. Kábíyèsí Aláfọ̀n àti ìgbìmọ̀ olóyè ní kí akéde kí yín kó tó sọ ohunkóhun. Akéde kí àwọn àgbà: ẹ kú ìjókòó. Akéde kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́: ẹ kú iṣẹ́. Akéde kí àwọn aláboyún: a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Akéde kí àwọn tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí wọn: ẹ kú ìfaradà. Ìkíni yìí kì í ṣe ọ̀yàyà akéde o. Òfin ni. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ níwájú.

Wọ́n tún ní kí akéde sọ fún yín pé ìròyìn kan wà lẹ́nu òun tó kan gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ti pàṣẹ pé ìparí ni kí ìròyìn náà wà. Akéde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka gbogbo òfin tán, láti orí dé ìdí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná, kó sọ ọ́ kalẹ̀ ná. Akéde tún un pè: kó sọ ọ́ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dá lórí pátákó.

Ẹ ti rí i, àfi ẹni tí kò bá dé ààfin láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó rí bíi tẹlifíṣọ̀n ńlá, ara ògiri gbọ̀ngàn ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Ẹnjiníà Fadérera, ọmọ bíbí ilé Jagun, ló gbé e wá láti ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní irú rẹ̀ làwọn fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ òun. Ó so ó mọ́ pọ́ǹpù omi ìlú. Ó so ó mọ́ tiransifọ́mà. Ó so ó mọ́ fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí ní ilé ìwòsàn, àti jẹnẹrétọ̀ ààfin. Ó wá dúró níwájú Kábíyèsí àti àwọn olóyè, ó ṣàlàyé: "Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, iná aláwọ̀ ewé ni ẹ ó rí. Bí nǹkan bá fẹ́ máa ṣe é, iná náà yóò di àwọ̀ ìyeyè. Ẹ lọ wò ó. Bó bá di pupa, ẹ sáré pa ẹ̀rọ náà, kó tó jóná, kí ẹ sì pè mí." Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò sí ọ̀rọ̀ tó wọ Òkè-Àfọ̀n rí tí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ jókòó lé e.

Olóyè Ọ̀tún ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bi Ẹnjiníà pé báwo ni pupa náà ṣe máa ń dé. Ẹnjiníà ní lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ọ̀tún wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní: "Bí èèyàn ńlá bá kú nílùú yìí, ṣé a máa ń bọ́ síta ká pariwo ni? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la máa ń wá lọ. A ó ní ara àbúrò rẹ kò yá díẹ̀. A ó ní kó fẹsẹ̀ kan dé ilé. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà tó rí àga tó lọ rẹrẹ, òun fúnra rẹ̀ á mọ̀. Èwo wá ni ti pátákó tó fẹ́ máa túfọ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí?"

Gbogbo gbọ̀ngàn ní òótọ́ ni. Ẹnjiníà kúnlẹ̀, ó ní: "Bàbá, ẹ má bínú, pọ́ǹpù ni mò ń sọ, mi ò sọ̀rọ̀ èèyàn." Ọ̀tún ní: "Ẹni tó ń fún gbogbo ìlú lómi, ṣé kò ju èèyàn lọ ni?"  

Bí òfin ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ tẹ́tí, akéde fẹ́ kà á.

Òfin kìíní! Gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ nílùú yìí ni yóò ní àwọ̀ lórí pátákó. Pọ́ǹpù wà níbẹ̀, tiransifọ́mà wà níbẹ̀, aago ṣọ́ọ̀ṣì, gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí, àti àkùkọ Ìyálóde tó máa ń jí ìlú. Ẹni tó bá fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ pamọ́, ewúrẹ́ kan ni ìtanràn rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ohun tí kò ṣiṣẹ́ wá tó ní ó ń ṣiṣẹ́, ewúrẹ́ méjì. Ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní àwọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Òfin kejì! Àwọ̀ yóò máa tẹ̀ lé ọjọ́ orí. Tiransifọ́mà wa, tí wọ́n gbé dé nígbà ayé Kábíyèsí àná, kò gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ mìíràn ju ewé lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Fíríìjì ilé ìwòsàn ní tirẹ̀, àìpẹ́ yìí ló dé. Ìyeyè ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ títí ìlú yóò fi mọ ìwà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá bẹ̀bẹ̀, ó ní fíríìjì náà tutù dáadáa, kò sì tíì fi ọjọ́ kan ṣàìtutù. Ìgbìmọ̀ ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n ìtutù kọ́ ni àgbà.

Òfin kẹta! Ohunkóhun tó bá jẹ́ ti ààfin, ewé ni títí ayé. Ààfin kì í ṣàìsàn. Jẹnẹrétọ̀ ààfin kì í kú, ó máa ń sinmi ni. Ẹ̀rọ omi ààfin kì í gbẹ, ó máa ń ronú ni. Ẹni tó bá ní òun rí pupa lára ohun ààfin, ojú ẹni náà ni kò dá. Kó lọ tọ́jú rẹ̀, lẹ́yìn náà kó wá máa gbá àgbàlá ààfin títí ọjọ́ ọjà mẹ́ta yóò fi kọjá.

Òfin kẹrin! Òun ni òfin pupa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Akéde tún un pè: ẹ fara balẹ̀. Pátákó kò gbọ́dọ̀ pupa láìgba àṣẹ! Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ni yóò lọ gba àṣẹ náà. Yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ìyálóde. Ìyálóde yóò mú un dé ọ̀dọ̀ Ọ̀tún. Ọ̀tún yóò bi í bóyá ó dá a lójú. Bó bá dá a lójú, Ọ̀tún yóò lọ sọ fún Kábíyèsí, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ náà, pé ara nǹkan kan kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Bí Kábíyèsí bá mi orí, kí pátákó wá pupa. Ohun tó bá pupa ṣáájú àṣẹ, ìbáà ṣe èèyàn, ìbáà ṣe pátákó, ewúrẹ́ mẹ́ta. Ẹnjiníà bèèrè pé níbo ni pátákó yóò ti rí ewúrẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bí i ni yóò san án.

Òfin karùn-ún! Ọ̀rọ̀ ìkíni nìyí, ẹ̀yin tí ẹ ti ń dúró dè é.

Bí Ẹnjiníà ṣe ṣe pátákó náà, bí nǹkan bá ti di ìyeyè, yóò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn olóyè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ dé sórí fóònù Ọ̀tún: "Pọ́ǹpù ń gbóná." Ó parí. Kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí ṣé dáadáa la jí. Bàbá kò tíì bọ́jú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, ẹnikẹ́ni kò tíì ko òun lójú bẹ́ẹ̀ rí láàárọ̀ kùtù, ó ní ọmọ tí kò ní ìyá ló rán irú iṣẹ́ yẹn. Ó jókòó ti fóònù náà, kò fọwọ́ kàn án mọ́ títí di ọ̀sán.

Nítorí náà, láti ọjọ́ náà, pátákó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí olóyè. Kó kí i kú àárọ̀. Kó bèèrè ilé. Kó bèèrè àwọn ìyàwó, ìyáálé ṣáájú. Kó bèèrè oko. Lẹ́yìn náà, kó ki oríkì ilé olóyè náà délẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wá kù lẹ́nu rẹ̀, kó sọ ọ́. Ẹnjiníà ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò sunkún, ṣùgbọ́n akéde wà nítòsí, ó rí i pé ẹkún náà kò jìnnà.

Ẹ̀yin náà mọ oríkì ilé Ọ̀tún, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kì lórí ìdúró. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lè gbé e lẹ́ẹ̀kan. Ó ń gé e sí wẹ́wẹ́. Ìkíni á dé láàárọ̀, oríkì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù á wá dé lọ́jọ́ kejì. Nígbà mìíràn kì í dé rárá. Inú Ọ̀tún dùn. Ó máa ń pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá gbọ́ bí ọmọ ọmọ òun ṣe ń ka ohun tí pátákó kọ. Ó ní irú ẹ̀rọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé báyìí, òun kò rí i rí.

Òfin kẹfà! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí akéde mí ná.

Òfin kẹfà kan akéde fúnra rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ní, nígbà tí pátákó ti ń sọ ohun tó ń lọ, kí ni agogo tún ń ṣe nílùú? Wọ́n ní bí ẹ̀ẹ̀rùn yìí bá lọ sópin láìsí pupa kankan, a jẹ́ pé pátákó ti kúnjú ìwọ̀n. Kí wọ́n gba agogo lọ́wọ́ Láníhún, kí wọ́n gbé e kọ́ orí ìṣó ní ẹnu ọ̀nà ààfin, kí àlejò lè máa wò ó. Ẹ gbọ́ òfin yìí lẹ́nu Láníhún nígbà náà. Gbogbo oríta ló ti kà á. Ó lu agogo láti kéde pé òun kò ní í lu agogo mọ́.

Ó dùn ún. Akéde kò ní í fi bò yín. Agogo náà kì í ṣe wúrà, irin ni, ilé alágbẹ̀dẹ kan náà tí wọ́n ti ń rọ ọkọ́ ni wọ́n ti rọ ọ́. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́yalé lù ú kó tó kú, bàbá Ọdẹ́yalé sì lù ú. Bí Láníhún bá ń kọjá lọ́wọ́ òfo, ọkùnrin gíga kan tí bàtà rẹ̀ ti jẹ ni. Bó bá gbé agogo dání, ajá á dákẹ́, ọmọdé á jókòó, àwọn tí kì í kà á sí á rántí orúkọ rẹ̀. Morádéùn ìyàwó rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń jẹun pé: "Bàbá Àjọkẹ́, bí wọ́n bá gbà á, kí ni wọn yóò wá máa pè yín?" Láníhún ṣan ọwọ́. Ó mú aṣọ, ó lọ ń nu agogo.

Láti ìgbà náà ló ti di ará ààfin. Lójoojúmọ́ ni yóò lọ kí Kábíyèsí, ṣùgbọ́n pátákó lojú rẹ̀ ń wá. Kò wá ibi ìlú o. Pupa kékeré kan ni, kó ṣáà ti pupa, kí ìlú rí i pé ojú kò lè ṣe iṣẹ́ etí. Ewé ló ń bá níbẹ̀. Ewé ní àárọ̀, ewé ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò láṣẹ láti pupa, ta ni yóò pupa?

Àfi ìgbà tó kan pọ́ǹpù.

Ẹ mọ Lásísì, tó ń tọ́jú pọ́ǹpù ìlú. Ní ìjẹta, ó gbọ́ tí pọ́ǹpù ń kùn bí àgbàlagbà tó ń jẹ orógbó. Orí pátákó ti di ìyeyè, pátákó sì ti ránṣẹ́, ó ti ń kí gbogbo ilé. Lásísì fẹ́ pa ẹ̀rọ náà. Ó rántí ewúrẹ́ mẹ́ta. Ó sáré tọ Ìyálóde lọ láti gba àṣẹ pupa.

Ìyálóde ń dirun lọ́wọ́, apá kan ṣì wà níta. Ó ní: "Ṣé ó ti kú ni?" Lásísì ní: "Kò tíì kú, Ìyá. Ó ń gbóná." Ìyálóde ní: "Ohun tó ń gbóná ṣì wà láàyè. Jókòó, ọmọ mi." Lásísì jókòó. Ìgbà tí wọ́n dirun tán, wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀tún. Wọ́n bá a níbi tí wọ́n ti ń ka iṣẹ́ tí pátákó rán sí i létí rẹ̀. Ìkíni ti tán, oríkì ló kù. Wọ́n ti dé ibi tí bàbá ńlá rẹ̀ ti ń la odò kọjá, wọ́n kò sì lè fi bàbá ńlá èèyàn sílẹ̀ láàárín odò. Wọ́n dúró títí ó fi gúnlẹ̀.

Ọ̀tún wá yíjú sí Lásísì. "Ó dá ọ lójú?" Lásísì ní: "Ó dá mi lójú, Bàbá. Èéfín ń jáde lára rẹ̀." Ọ̀tún ní: "Funfun àbí dúdú?" Lásísì, ẹni tí kò mọ irọ́ pa, ní funfun ni. Ọ̀tún ní: "Funfun kọ́ ni pupa." Ó ní kó padà lọ wò ó dáadáa. Ó padà, ó ti dúdú. Ó tún sáré wá, ó ń mí hẹlẹ. Ọ̀tún ní dúdú náà kọ́ ni pupa, ṣùgbọ́n nítorí pé ọmọlúàbí ni Lásísì, òun yóò bá Kábíyèsí sọ ọ́ lọ́la. Òun yóò ní orí ń fọ́ pọ́ǹpù díẹ̀.

Ó sọ ọ́ lánàá. Kábíyèsí mi orí. Àṣẹ jáde pé kí pátákó máa pupa bọ̀.

Pọ́ǹpù ti jóná ní tirẹ̀. Nígbà tó ń jóná, ó jó wáyà tó so ó pọ̀ mọ́ pátákó. Ibi tí pọ́ǹpù wà lórí pátákó ṣókùnkùn, kò ní àwọ̀ kankan. Ìgbìmọ̀ péjọ síwájú rẹ̀, wọ́n wò ó títí. Ẹnjiníà ní: "Ẹ̀yin bàbá mi, ó ti kú. Nǹkan tó kú kò lè ránṣẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ìlú gbọ́." Ọ̀tún sún mọ́ ògiri, ó na ọrùn wò ó. Ó ní: "Ṣé ó pupa?" Wọ́n ní kò pupa. Ó ní: "Òjò ti ń ṣú. Ẹ̀ẹ̀rùn ti parí. A kò rí pupa." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n bọ Ẹnjiníà lọ́wọ́, wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ yọrí. Wọ́n ránṣẹ́ pe Láníhún kó gbé agogo bọ̀.

Ó gbé e bọ̀. Wọ́n fẹ́ kan ìṣó náà sókè kí ewúrẹ́ má baà máa fimú kan agogo, ọwọ́ wọn kò tó o. Láníhún ló ga jù níbẹ̀. Òun ni wọ́n gbé òòlù fún. Ó kàn án, ó sì gbé agogo bàbá rẹ̀ kọ́ ọ fúnra rẹ̀, ó kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́, ó lọ sílé. 

Omi díẹ̀ ṣì wà nínú táǹkì ìlú nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi fura. Àwọn tó mọ̀ kò láṣẹ láti sọ, àwọn tó láṣẹ láti sọ ní pátákó kò pupa.

Láàárọ̀ òní, Kábíyèsí wọ ilé ìwẹ̀. Ohun tí akéde lè sọ nípa èyí kò pọ̀. Ó wọlé, ó ń wẹ̀, ọṣẹ ti dé orí. Omi dáwọ́ dúró. A kì í sọ pé nǹkan ta ọba lójú, ṣùgbọ́n ọṣẹ dúdú kò mọ ọba.

Láníhún ń kọjá lẹ́yìn ògiri náà. Ó ní òun ń lọ kí Kábíyèsí, àmọ́ agogo rẹ̀ ló ń lọ wò. Ó gbọ́ ohùn láti ojú fèrèsé: "Ta ló ń kọjá níbẹ̀ yẹn?" Ó dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn, ó ní: "Láníhún ni, Kábíyèsí. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀."

"Láníhún, omi dà?"

Òfin kẹta wá sí i lọ́kàn. Òfin kẹrin tẹ̀ lé e. Ó rí ewúrẹ́ mẹ́ta lójú ara rẹ̀, kò sì ní ju ẹyọ kan nílé. Ó ní: "Kábíyèsí, pátákó ní aláwọ̀ ewé ni omi ààfin."

Ọba ní: "Mi ò bi pátákó. Ìwọ ni mo bi."

Kò sí ẹni tó ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún Láníhún láti ìgbà tí pátákó ti dé. Ó ní: "Kò sí omi, Kábíyèsí. Pọ́ǹpù ti jóná."

"Ìlú mọ̀?"

"Ìlú kò mọ̀."

"Kí ló dé tí ìlú kò mọ̀?"

"Agogo wà lórí ìṣó, Kábíyèsí."

Akéde kò gbọ́ ohun tí ọba sọ sí ọṣẹ ojú rẹ̀ lẹ́yìn èyí, ṣùgbọ́n ó gbọ́ àṣẹ tó pa. Òfin keje nìyí, òun ló sì kúrú jù: "Bí omi bá tán, kí agogo sọ pé omi tán." Wọ́n gbé àmù kan wá láti ilé Ìyálóde, Kábíyèsí ṣan ara. Láníhún ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé agogo sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbìmọ̀ péjọ kíá. Wọ́n ní ẹnu ọba kò ṣe é já ní koro, ṣùgbọ́n òfin keje ti kúrú jù láti jẹ́ òfin. Wọ́n ní akéde lè lọ, kó ṣáà kí ìlú dáadáa, kó ka òfin mẹ́fà ìṣáájú tán, kó tó sọ ohun tó pupa. Wọ́n ní agogo yóò wà lọ́wọ́ Láníhún títí omi yóò fi padà dé, ìgbìmọ̀ yóò wá tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Pátákó ṣì wà lára ògiri. Omi ààfin ṣì jẹ́ ewé lórí rẹ̀ báyìí tí akéde ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣì ń fi ọ̀rọ̀ kún òfin keje nígbà tí Láníhún bọ́ síta.

Ẹ kò rí i pé akéde ṣe bí wọ́n ṣe rán an? Ó kí yín. Ó ka òfin. Kò fò kankan.

Ó wá kan ìròyìn.

Kò sí omi o! Akéde tún un pè: kò sí omi! Ara pọ́ǹpù kì í ṣe pé kò yá. Orí kò fọ́ ọ. Kò sinmi, kò ronú. Ó kú. Omi tó wà nínú táǹkì ti tán láàárọ̀ yìí, ohun tó bá wà nínú ìkòkò yín nìyẹn, ẹ rọra lò ó. Ará Ìsàlẹ̀, ẹ gba odò Àlè lọ. Ará Òkè, kànga ṣọ́ọ̀ṣì ṣí sílẹ̀ fún yín, àlùfáà ti gbà. Táǹkì mọ́ṣáláṣí, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn arúgbó tí kò lè rìn jìnnà. Omi ilé ìwòsàn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ti àwọn tó ń rọbí ni. Ẹni tó bá bu níbẹ̀, akéde kò ní í gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni yóò lù jáde ní gbogbo oríta. Ẹnjiníà Fadérera ti lọ wá pọ́ǹpù mìíràn. Kò sọ ọjọ́ tí yóò dé, akéde kò sì ní í bá a sọ ọ́.

Ó dun Láníhún pé pọ́ǹpù kú, nítorí Morádéùn náà yóò rìn dé odò. Inú rẹ̀ sì dùn pé agogo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má bi í èwo ló pọ̀ jù.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán akéde ló jẹ́ yẹn. Agogo ti ṣe tirẹ̀, ó ku ẹsẹ̀ yín. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ mọ àwọ̀ tí omi ìlú wà, kó má lọ sí ààfin. Kó wo ìsàlẹ̀ korobá rẹ̀.